Ìkìlọ̀: ẹ fi ẹnu ara yín pe hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó wọ bàálù lọ Paris

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá ń múra àtilọ sí Paris fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì ti kó owó hòtẹ́ẹ̀lì lé ejẹ́ńtì lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi pé ọgọ́ta ọdún. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ojú àwọn rí Paris, làwa àbúrò bá dá owó jọ. Ejẹ́ńtì kan l'Ékòó tí ọ̀rẹ́ wa júwe ló bá wa ṣe ètò físà. Ó ní òun á bá wa san owó hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn, òru mẹ́fà, ₦1,200,000. Ó fi bébà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Orúkọ àwa méjèèjì wà níbẹ̀, àdírẹ́sì wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ "PAID" gàdàgbà gadagba sí i lókè. Físà jáde, inú wa dùn, a di ẹrù.

Ní pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle, ọlọ́pàá ẹnubodè bi wá níbi tí a ó sùn. Mo na bébà yẹn sí i, ó wò ó fìrí, ó lu òǹtẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin RER B, a sọ̀ ní Gare du Nord, a wọ́ báàgì títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọkùnrin tó wà ní kọ́ńtà tẹ orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó wá yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi kí n fi ojú ara mi rí i. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níwájú rẹ̀, pupa fòò: "Annulée". Wọ́n ti fagi lé e. Ọjọ́ tí wọ́n fagi lé e náà wà níbẹ̀, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí físà wa jáde. Mo ní a ti sanwó. Ó mirí, ó ní kọ́bọ̀ kò wọlé sọ́dọ̀ àwọn rí lórí orúkọ yìí, pé hòtẹ́ẹ̀lì sì ti kún.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí báàgì wọn níwájú kọ́ńtà. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n gbé e sórí itan, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u. Àgbàlagbà tí a mú wá ṣayẹyẹ, ní ìlú tí wọn ò gbọ́ èdè ibẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èyí ló ṣì ń dùn mí títí di òní, ó ju owó lọ.

Káàdì náírà tèmi kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Káàdì dọ́là ẹ̀gbọ́n mi ló kó wa yọ. Yàrá tí a padà rí lóru ọjọ́ náà, €170 ni, ibùsùn kan ṣoṣo, àjà kẹrin, kò sí lífítì. Nígbà tí a pe ejẹ́ńtì, ó ní "network" ló fà á. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti blọ́ọ̀kù àwa méjèèjì.

Mo ti wá fara balẹ̀ wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń gba hòtẹ́ẹ̀lì máa ń jẹ́ kí èèyàn mú yàrá láìsan kọ́bọ̀, kó sanwó nígbà tó bá dé, kó sì lè fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọjọ́ á fi kù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo irú bébà bẹ́ẹ̀ fún físà, kò sì sí olè nínú ìyẹn. Ibi tí olè wà ni pé ejẹ́ńtì gba owó yàrá pé lọ́wọ́ yín, ó mú èyí tí a kì í sanwó sí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "PAID" sórí bébà. Bí físà bá ti jáde, á fagi lé e kí hòtẹ́ẹ̀lì má baà fa owó nínú káàdì òun. Nígbà tó sì jẹ́ pé ímeèlì tirẹ̀ ló fi sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìròyìn pé wọ́n ti fagi lé e máa ń lọ. Ẹ̀yin á ṣì gbé bébà òkú dání, ẹ ó máa yangàn.

Ẹ má rò pé ilé ìsùn nìkan ló wà nínú ewu. Òfin ẹnubodè ilẹ̀ Faransé ní ẹni tó ní hòtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ lè fi €65 hàn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní, €120. Ká ní ọlọ́pàá yẹn gbé fóònù, tó pe hòtẹ́ẹ̀lì wa ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá wí.

Nítorí náà, ímeèlì tiyín ni kí wọ́n fi gba yàrá. Bí ejẹ́ńtì bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ gba owó yín padà. Bó bá jẹ́ Booking.com ló lò, ẹ béèrè nọ́ńbà ìdánilójú àti PIN tó wà lórí bébà, méjèèjì ni ẹ lè fi ṣí i fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì. Orí ìkànnì hòtẹ́ẹ̀lì gan-an ni kí ẹ ti mú nọ́ńbà, +33 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má mú un lórí bébà ejẹ́ńtì. Ẹ bi wọ́n pé ṣé orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ti sanwó, àbí ìgbà tí mo bá dé ni mo máa san? Ẹ pè nígbà tí físà bá jáde, ẹ tún pè ní ọjọ́ méjì sí ìrìn àjò. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìbá gbà wá.

Ọgbọ́n kejì tí wọ́n ń dá ni ti "Paris" tí kò sí ní Paris. Aládùúgbò wa kan sanwó hòtẹ́ẹ̀lì tó ní Paris lórúkọ, ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú ní Roissy ló bá ara rẹ̀. Àdúgbò ogún ni wọ́n pín Paris sí, arrondissement ni wọ́n ń pè é, ó sì ká bí ìkarahun ìgbín láti àárín ìlú bọ̀ síta. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ló ń tú àṣírí: láti 75001 dé 75020 ni Paris. Bí ẹ bá rí 95 níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà Roissy nìyẹn. 77, ọ̀nà Disney. 93, ọ̀nà Saint-Denis. Èèyàn lè sùn níbẹ̀ bó bá mọ̀ọ́mọ̀ yàn án nítorí owó, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tà á fún yín bí àárín ìlú.

Àwa lo òru márùn-ún tó kù ní àdúgbò 14, nítòsí Denfert-Rochereau, ibẹ̀ ni màá sì júwe fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́. RER B láti pápákọ̀ òfurufú dé ibẹ̀ tààrà, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ €13 lọ́dún 2025. Ọjà oúnjẹ wà ní rue Daguerre. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, Metro 4, tún gbé wa láti ibẹ̀ lọ sí Château Rouge láìsọ̀kalẹ̀, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti rí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà, tí ojú wọn wá túká díẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ takisí láti Charles de Gaulle, ìjọba ti dá iye rẹ̀ sí: lọ́dún 2025, €56 ni sí apá àríwá odò Seine, €65 sí apá gúúsù. Ẹni tó bá ń pe "taxi, taxi" nínú ilé pápákọ̀, ẹ kọjá lára rẹ̀. Bí hòtẹ́ẹ̀lì bá sì gba owó orí àlejò ní kọ́ńtà, owó ìlú ni, wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ẹni tó bá gba yàrá fúnra rẹ̀ náà, kó ṣọ́ra. Wọ́n lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ bí ẹni pé hòtẹ́ẹ̀lì ni, pé káàdì yín kò gba, kí ẹ tún un san lórí líǹkì yìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì.

A ti fẹjọ́ ejẹ́ńtì yìí sun ọlọ́pàá, a ò tíì rí owó gbà, ìdí nìyí tí mi ò fi dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí bébà hòtẹ́ẹ̀lì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kó wo ímeèlì tó wà lórí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ pe ibẹ̀ lálẹ́ òní. Aago wọn kì í fi ju wákàtí kan lọ yàtọ̀ sí tiwa.