Ìwé Ìkíni Lárúbáwá Alápò: Ìkíni Pọ̀ Níbẹ̀, Èsì Ló Wọ́n

Irú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń tà fún àwọn tó ń múra Mẹ́kà ni. Ó wọ àpò sòkòtò láìfún. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí mẹ́ta: Yorùbá, Lárúbáwá, àti bí wọ́n ṣe ń pè é ní lẹ́tà tiwa.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kò sí èsì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní Lárúbáwá, ìdajì ìkíni ni èsì. Ẹni tó bá kí yín láàárọ̀ pé *sabaahul khayr*, òwúrọ̀ oore, ń retí *sabaahun nuur*, òwúrọ̀ ìmọ́lẹ̀. Lálẹ́, *masaa'ul khayr* ni, èsì rẹ̀ sì ni *masaa'un nuur*. Bí wọ́n bá bá yín yọ̀ pé *mabruuk*, ẹ fèsì pé *Allaahu yubaarik fiik*. *Shukran* lásán kò tó. Ẹ fi bírò kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kí ẹ tó wọkọ̀.

*Kayfa haaluka*, ṣé dáadáa ni, ọkùnrin la fi ń kí. Fún obìnrin, *kayfa haaluki* ni. *Haaluka* nìkan ni ìwé yìí tẹ̀, kò sì fi àmì fáwẹ̀lì sí lẹ́tà Lárúbáwá rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ka kéwú gan-an ò lè fojú mọ̀yàtọ̀. Nígboro, *keef haalak* lẹ máa gbọ́ ní Jẹ́dà, *izzayyak* ní Káírò. Ẹ má sì wá “ẹ” àgbà kiri nínú *haaluka*, kò ní àrífín nínú. *Assalaamu alaykum* ló ní “yín” lára, ẹnì kan ṣoṣo la sì lè fi kí.

Ìlà tó yẹ kí wọ́n tún tẹ̀ ni *shukran min kulli qalbi*, mo dúpẹ́ látọkàn wá. *Q* yẹn, láti ìdí ahọ́n lọ́nà ọ̀fun ló ti ń jáde. Ìwé yìí sọ ọ́ di *k*, *kalb* sì ni ajá, ni olóore bá ń gbọ́ pé ẹ fi gbogbo ajá yín dúpẹ́. Bí *q* bá le jù, ẹ pe *g*. Bí ọ̀pọ̀ ará Mẹ́kà ṣe ń pè é náà nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ni *ahlan wa sahlan*: wọ́n túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, pé ẹ bá ará ilé, ẹ sì tẹ ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àmọ́ *tafaddal*, tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ gbà, ẹ jẹun, ìlà kan péré ni wọ́n fún un. *Tafaddali* fún obìnrin, *tafaddaluu* fún ọ̀pọ̀ èèyàn: kò sí ìkankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àlejò máa gbọ́ jù lọ́jọ́ kan sì ni.