Gíà Camry "Big Daddy" Tó Ń Yọ̀: Ká Tún Un Ṣe, àbí Ká Ra Tòkunbọ̀?

Bí gíà Camry "Big Daddy" (ti 2002 sí 2006) yín bá ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò sáré, kí ẹ tó náwó, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì gíà yọ, kí ẹ nù ún sára aṣọ funfun. Bó bá ṣì pupa, tó kàn lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń jò ni. Bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, kílọ́ọ̀ṣì inú ẹ̀ ti ń jẹ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ síìlì tàbí solenoid (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì gíà) ló bàjẹ́, àtúnṣe ló dínwó. Àmọ́ bí wọ́n bá ní láti tú gbogbo ẹ̀, owó lè gorí owó.

Tòkunbọ̀ ní tiẹ̀ yá: ẹ rà á ní Ládípọ̀, wọ́n dè é, ó parí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti rìn dé? Ẹ ṣọ́ra o: Camry onísìlíńdà mẹ́rin ti 2002 sí 2004 ń lo gíà onípele 4, ti 2005 àti 2006 ń lo onípele 5. Ó máa ń dùn mí bí ẹnìkan bá gbé èyí tí kò bá ọkọ̀ ẹ̀ mu wálé.

Ẹni tó ní oníṣẹ́ gíà tó dáńtọ́, tó sì lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tún un ṣe. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun, tí gíà ẹ̀ ti jóná pátápátá, kó ra tòkunbọ̀, kó sì gba rìsíìtì tó sọ iye ọjọ́ tó lè fi dá a padà.