Ilé Ẹja Genoa fún Àwọn Ọlọ́mọ Kékeré

Bí ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ bá gúnlẹ̀ sí Genoa ní orílẹ̀-èdè Ítálì, tí ẹ sì ní ọmọ kékeré lọ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ wá ibi jíjìn lọ, nítorí ilé ẹja ńlá, ibi tí a ti ń wo ẹja láàyè nínú omi, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1992 wà létí èbúté àtijọ́, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹja ekurá kò tilẹ̀ jọ ọmọ wa ọdún mẹ́rin lójú. Adágún tí kò jìn ni ó dá a dúró, níbi tí ó ti ki ọwọ́ bọ omi, tí ẹja pẹlẹbẹ kan sì rọra kọjá lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ki ọwọ́ bọ omi. Ẹ mú ẹ̀wù mìíràn dání o: àwa gbàgbé, apá aṣọ rẹ̀ sì rin gbingbin títí a fi padà sínú ọkọ̀.