Mo ra abo ewúrẹ́ méjì ní Ìkéré

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ewúrẹ́ ìbílẹ̀ gidi, ẹ má wulẹ̀ máa rìn kiri Adó. Ìyá kan wà nínú ọjà ní Ìkéré, ewúrẹ́ kúkúrú ilé wa nìkan ni wọ́n ń tà. Oṣù keje rèé tí mo ti ra abo méjì lọ́wọ́ wọn.

Mo ní, "Ẹ kú ọjà, Màmá." Kí n tó béèrè iye, wọ́n ti fa dúdú kan wá síwájú mi, wọ́n sì ká a létè. "Wo ẹnu rẹ̀, ọmọ mi." Eyín ńlá méjì ti yọ láàárín àwọn wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan nìyẹn, kò sì tíì pé méjì. Wọ́n ní kí n tẹ ọmú rẹ̀ wò, kí n gbé pátákò rẹ̀ sókè, kí n wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Kò sí ẹlẹ́ran mìíràn tó fún mi láyè bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn láti òkè Ọya ni mo rà níbòmíràn. Ó ga, ó wuyì, kò rí ìparí òjò. Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran nínú igbó wa kò fẹ́ràn àlejò. Òun náà ló ń pa ẹṣin àwọn ọmọ ogun Ìlọrin tó ń wá jà ní Èkìtì láyé àtijọ́. Ara ewúrẹ́ tiwa ti bá àìsàn tí eṣinṣin yẹn ń gbé kiri dàgbà, ó ń gbà á mọ́ra.

Yèyé bàbá mi máa ń sọ ohun tí ìyá tiwọn rí nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893. Àwọn ọkùnrin wà ní ibùdó ogun, èèpo iṣu ni àwọn obìnrin fi ń bọ́ ewúrẹ́ nílé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń sùn. Bí owó ẹyọ bá tán, wọ́n á fà á lọ sọ́jà. Obìnrin tí kò ní, ẹlòmíràn á fún un ní abo sìn. Bó bá bí ìbejì, wọ́n á pín in ní ọ̀kan ọ̀kan. Ojú tí mo fi ń wo ewúrẹ́ nìyẹn láti kékeré.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé Màmá kì í gba abẹ́rẹ́ fún wọn. Fúnra mi ni mo pe dókítà ẹran wá fún wọn lábẹ́rẹ́ àìsàn tí imú ẹran fi ń dà, tí ẹnu rẹ̀ fi ń ya egbò. Ẹ má fi ìyẹn falẹ̀ o. Màmá kì í sì dín owó púpọ̀.

Dúdú ti bí ìbejì. Ọ̀kan ní àmì funfun níwájú orí, ẹnu ilẹ̀kùn mi ló ń sùn.