Oxygen sensor Denso fún Corolla 2003 sí 2008: owó rẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n òun ni kí ẹ rà

Oríṣi mẹ́ta ni oxygen sensor, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn oxygen inú èéfín ọkọ̀, tí ẹ máa bá ní ọjà Ládípọ̀ fún Corolla yìí: Denso tuntun inú páálí, tòkunbọ̀, àti universal tí wọ́n máa ń gé wáyà rẹ̀ so mọ́ plug ti àtijọ́. Denso nìkan la lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Denso wà lára àwọn tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ fún Toyota fúnra rẹ̀, plug rẹ̀ sì máa ń wọlé láìgé wáyà kankan.

Nọ́ńbà ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Corolla Amẹ́ríkà ti 2003 àti 2004 ń lo oxygen sensor gidi ní iwájú catalyst, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà. Láti 2005, wọ́n yí i sí A/F sensor (air-fuel, èyí tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe pọ̀ tó síra). Àwọn méjèèjì jọra, wáyà mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ní, ẹni tó ń tajà náà lè máà mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nọ́ńbà Toyota tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89465 ni oxygen sensor, 89467 ni A/F. Ti Denso, 234-4 ni oxygen, 234-9 ni A/F. Ẹ ka èyí tó wà lára ògbólógbòó yín kí ẹ tó jáde nílé. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sí àyè èkejì, brain box (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) kò ní gbọ́ èdè rẹ̀, iná check engine á tún yọ.

Ẹ mú mítà dání lọ sọ́jà. Ẹ gbé e sí 200 ohm, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan pin wáyà dúdú méjèèjì, ìyẹn wáyà heater tó ń mú sẹ́ńsọ̀ gbóná. Oxygen sensor tó wà láàyè máa kà láàárín 11 sí 16. A/F máa kà 1.8 sí 3.4. Bí mítà bá kọ “1” tàbí “OL” tí kò kúrò níbẹ̀, heater ti já, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹ̀yà iná tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, àtidá a padà di ìjà. Kì í ṣe gbogbo ayédèrú ni mítà máa mú o, ṣùgbọ́n ó máa mú tòkunbọ̀ tó ti kú. Tòkunbọ̀ tí ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹfun, ẹ fi í sílẹ̀: silicone gasket ló ti pa á.

Universal kò tó nǹkan tí à ń náwó lé. Inú wáyà ni sẹ́ńsọ̀ yìí ti ń fa afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe ìdíwọ̀n. Bí rewire bá jó lẹ́ẹ̀dì sí i, ó ti dí i nímú nìyẹn. Bí kò bá sí ọ̀nà míràn, kí ó fi crimp (irin kékeré tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ wáyà) dì í, kó má ṣe fi gíríìsì sí i. Lára Denso, búlúù ni signal, funfun ni ground; àwọ̀ ti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lè yàtọ̀.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ scan ọkọ̀ kí ẹ rí code tó wà níbẹ̀. P0135 ni heater ti sẹ́ńsọ̀ iwájú, ẹ yẹ fúùsì àti wáyà wò ṣáájú. P0171 (afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ) kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi sẹ́ńsọ̀: ẹ wo rọ́bà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, ẹ fọ MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé), ẹ sì wò ó bóyá sàlẹ́ńsà ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀. P0420 (catalyst kò ṣiṣẹ́ dáadáa) wá ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn, èyí tó wà lẹ́yìn catalyst, kàn ń jíṣẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá ti gé catalyst yín tà, sẹ́ńsọ̀ mẹ́wàá kò lè tán an.

Fún títú u, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ fín WD-40 sí ìdí rẹ̀. Súkẹ́ẹ̀tì 22mm tó ní ojú gígé ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ojú yẹn máa ń ya bí ó bá le jù. Níwọ̀n ìgbà tí ògbólógbòó ti kú, ẹ gé wáyà rẹ̀, kí ẹ fi ring sípánà 22 tú u. Bí ojú òró (thread) bá bàjẹ́, tap M18 × 1.5 ló ń tún un ṣe. Òró sẹ́ńsọ̀ tuntun máa ń ní oògùn anti-seize lára, èyí tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu sẹ́ńsọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yí i wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un ní 44 Nm. Wáyà ti sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn máa ń gba ihò ilẹ̀ ọkọ̀ wọ inú, ẹ óò ní láti gbé kápẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó rí plug rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa code rẹ́, kí ẹ wo live data, ìyẹn nọ́ńbà tí scanner ń fi hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Oxygen sensor iwájú gbọ́dọ̀ máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín 0.1 àti 0.9 volt, A/F máa dúró sí nǹkan bíi 3.3. Ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì, tó ń rú èéfín búlúù, kí ẹ tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ṣáájú, torí eérú ọ́ìlì kò ní jẹ́ kí Denso tuntun yẹn pẹ́ rárá.