Ọ́fíìsì Ìmọ̀ràn Òfin Ọ̀fẹ́ fún Àwọn Obìnrin Oko ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn obìnrin agbẹjọ́rò kan ṣí ọ́fíìsì sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí obìnrin tó bá ti Oríire, Sùúrùlérè tàbí Ògo-Olúwa wá ti lè gba ìmọ̀ràn lórí ogún, ilẹ̀ àti ìgbéyàwó láìsan kọ́bọ̀. Mo bá àbúrò ìyá mi lọ síbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ní kí ó kúrò nínú oko kajú tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gbìn.

Agbẹjọ́rò tó gbà wá kò já ọ̀rọ̀ mọ́ àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní màmá, lẹ́nu. Ó jẹ́ kí wọ́n rojọ́ wọn tán, kí ó tó béèrè bóyá ìdána nìkan ni wọ́n ṣe tàbí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó láti kóòtù tàbí láti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ. Ìbéèrè yìí gan-an ni gbogbo ẹjọ́ opó rọ̀ mọ́, inú mi sì dùn pé wọn kò fi falẹ̀.

Ibi tí mo ti ní àríwísí ni ohun tó tẹ̀lé e. Wọ́n kọ́kọ́ ka abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí jíjẹ́ obìnrin, wọ́n sì tọ́ka sí ìdájọ́ Ukeje tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ilẹ̀ Ìgbò tó fẹ́ jogún bàbá rẹ̀ ni ìdájọ́ yẹn dá lé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ti ní ìpín tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbáà jẹ́ ìdí-igi (pípín ogún ní iye ìyàwó) tàbí orí-ò-jorí (pípín in ní iye ọmọ) ni wọ́n fi pín ogún. Opó ni ìyà ń jẹ. Nínú ẹjọ́ Akinnubi, ní ọdún 1997, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó fúnra rẹ̀ wà lára ogún tí ọkọ fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra, síbẹ̀ ó yẹ kí màmá ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ìdána nìkan ni tiwọn, àṣà yìí ló sì de ogún wọn, ìrètí tí wọ́n gbé lọ sílé sì pọ̀ ju ohun tí òfin lè fún wọn lọ.

Nígbà tí òótọ́ yìí hàn tán, iṣẹ́ wọn dára púpọ̀. Wọ́n bá wa lọ sí ìpàdé ẹbí, wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé pé àwọn ọmọ olóògbé, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ni ìpín náà, ẹbí sì gbà kí màmá máa bójú tó oko náà fún wọn. Wọ́n tún ń gba àwọn tí ọkọ wọn ṣì wà láàyè nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe ìwé ìhágún, kí orúkọ ìyàwó wà lórí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n bá jọ rà, kí wọ́n sì rántí pé ọkọ kò lè dá fi ilẹ̀ ẹbí tọrẹ. Ó wù mí kí wọ́n gbé ìmọ̀ràn yìí lọ sí àwọn abúlé ní ọjọ́ ọjà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé wọn. Ẹni tó bá ń lọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ka sí èyíkéyìí kí wọ́n tó kà á sí i létí ní Yorùbá, kí ó sì mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ikú ọkọ àti rìsíìtì irúgbìn dání.