Kíráùn onígbà díẹ̀ tí mo lò n'Ífẹ̀: ákírílíìkì àti bis-acryl

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe kíráùn, ìyẹn ìbòrí tí wọ́n ń fi dé eyín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lẹ onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń lò kí ti gidi tó dé mọ́ yín lẹ́nu láì pólíìṣì ojú ẹ̀ dáadáa. Oríṣi méjì ni mo ti lò n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, pólíìṣì ló sì dá wọn mọ̀ fún mi ju orúkọ ara páálí lọ.

Ákírílíìkì, oríṣi ike kan, ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí eyín ẹ̀yìn. Ìyẹ̀fun àti omi kan ni dókítà pò pọ̀ níṣojú mi nínú abọ́ kékeré, òórùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá, bó sì ṣe ń le ló ń gbóná, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ọ́ tó tún ń dá a padà kó tó le tán. Torí pé ọwọ́ ni wọ́n fi pò ó, afẹ́fẹ́ máa ń há sínú ẹ̀, tí wọ́n bá wá gé e tán tí wọn ò dán an, ihò wẹ́wẹ́ á wà lójú ẹ̀. Tèmi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo fi ahọ́n kàn án lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó ń ha mí bíi sánpépà. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi ń há síbẹ̀, ẹran ìdí eyín wú, tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kàn án báyìí ẹ̀jẹ̀ ni. Inú bí mi gan-an torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọn ò ṣe. Kò fọ́ ṣá o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ibi tí eyín òkè ti ń lọ̀ ọ́ jẹ títí tó fi tẹ́ kí ti gidi tó dé.

Ti wájú, ilé ìwòsàn míì ni, bis-acryl, oríṣi ike míì, ni wọ́n lò. Inú katiríìjì ló ti ń wá, bí wọ́n ṣe ń tì í jáde ló ń pò pọ̀ fúnra ẹ̀, kò rùn tó yẹn, kò gbóná tó yẹn, ojú ẹ̀ sì le jù. Àwọ̀ ni ìṣòro tiẹ̀. Tó bá le tán, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń kù lójú ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kó le, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, spírítì ni wọ́n fi ń nù ún kúrò. Tí ìyẹn bá ṣẹ́kù, sóbò, kọfí, ọbẹ̀ ẹlépo, gbogbo ẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́. Dókítà yìí nù ún, ó fi rọ́bà pólíìṣì ẹ̀, ó wá kun fáníṣì tó fi iná búlúù gbẹ. Mo mọ̀ ọ́n lára ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń yọ̀ mọ́ ahọ́n.

Ó gbówó lórí ju ákírílíìkì lọ, ó sì tètè máa ń ṣẹ́. Àgbàdo sísun ló ṣẹ́ etí tèmi, àmọ́ wọ́n fi composite (ohun tí wọ́n fi ń dí ihò eyín) dí i, iná búlúù náà ni, mo ti ń lọ sílé. Fún eyín wájú, èmi á ṣì tún mú un.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣe, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ gbé orín àti ọṣẹ eyín eléèédú tì ná, wọ́n máa ń ha dídán yẹn kúrò.

Láàbù ṣì ń ṣe ti gidi lọ́wọ́. Ìlà búráùn kékeré kan ti yọ nídìí ti wájú yìí níbi tí rọ́bà ò dé, dókítà ní kí n wá kí wọ́n dán an, ibi tó kù ṣì funfun.